Bátìrì mẹ́ta fún fóònù kan: iṣẹ́ ìyá aláṣọ kan ní Iléṣà

Ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ta aṣọ ní Ọjà Atakúnmọ́sà, níbí ní Iléṣà. Àńkárá àti léèsì ló pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀. Fóònù rẹ̀, iPhone 8 Plus, tòkunbọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ kan ló bá a rà á, torí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun fẹ́ máa rí ojú ìyá rẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ó ti lò ó fún oṣù mẹ́rin kó tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Iṣẹ́ tó yẹ kí n ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí n gba owó mi, kí n sì gbàgbé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí fóònù náà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí a jọ wà nídìí síkúrúdíráfà nìyẹn, n kò sì ní fi ibi tí mo ti ṣìnà pamọ́.

Àròyé rẹ̀ kò gùn. Bí bátìrì bá ti rìn dé nǹkan bí 40%, fóònù á kàn kú pii. Tó bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, á tan padà, á ní 38% ló kù, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ìbá fara mọ́ ọn ká ní ọ̀rọ̀ fídíò ọmọ òun nìkan ni. Owó ọjà ni wàhálà. Oníbàárà á dúró níwájú rẹ̀, á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, fóònù á sì ti kú, kò ní rí alẹ́ẹ̀tì. "Ṣé kí n di aṣọ fún un ni, àbí kí n di òun fúnra rẹ̀ mú?" Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹnì kan ti gbé léèsì lọ báyẹn, owó kò sì wọlé títí dòní.

Mo wọ Settings, mo wo Battery Health, ibi tí fóònù ti ń sọ bí agbára bátìrì ṣe ṣẹ́ kù tó sí ti ìgbà tó wà ní tuntun. 100%. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ yọ̀.

Nọ́ńbà yẹn kò sí nínú fóònù tẹ́lẹ̀. Ní 2017 ni ariwo ta pé àwọn iPhone àtijọ́ ń falẹ̀, Apple sì gbà pé lóòótọ́ ni àwọn ń dín eré wọn kù, kí bátìrì tó ti gbó má bàa máa pa wọ́n lójijì. Nígbà tí iOS 11.3, sọ́fítíwìà iPhone, jáde ní 2018 ni Battery Health wọlé. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n ṣe bátìrì irú àwọn fóònù yìí kí 80% agbára rẹ̀ lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣáájì rẹ̀ kún nígbà 500. 8 Plus sì ti wà nílẹ̀ láti 2017. Fóònù tó ti ṣe ọdún mélòó kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn lókè òkun, tó tún wọkọ̀ wá sílé, tó sì ń jẹ́ 100%? Tí ẹ bá rí ẹni ọgọ́rin ọdún tí eyín rẹ̀ pé tó sì funfun báláú, ó lè jẹ́ pé Ọlọ́run ló fún un. Ó sì lè jẹ́ pé àtọwọ́dá ni.

Mo mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ èrò pọ̀ lọ́ọ̀kán, ojú fóònù mẹ́ta ń dúró dè mí, nọ́ńbà náà sì dára lójú. Mo ní bátìrì dára, sọ́fítíwìà ni. Mo gbé fóònù náà sórí kọ̀ǹpútà, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo tún iOS 16 kọ sí i, ìyẹn ni ìkẹyìn tí 8 Plus lè gbà. Mo gba owó díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá: ó ti kú ní 43%, láàárín ọ̀rọ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń fi ọmọ ọwọ́ hàn án.

Ọ̀nà méjì ni bátìrì lithium ń gbà gbó, ọ̀pọ̀ nínú wa ọ̀kan ṣoṣo la sì máa ń rántí. Ẹ wo akèrègbè ẹlẹ́mu. Bó bá ti ń pẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á máa sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹmu ń dúró sí á máa kéré sí i. Ìyẹn ni agbára tó ń dín, òun ni Battery Health ń kà. Ṣùgbọ́n ọrùn akèrègbè náà ń dí. Ẹmu ṣì wà nínú, àmọ́ tí èrò bá pọ̀ tí ẹ fẹ́ dà á kíákíá, kò ní yọ. Bí kámẹ́rà, íntánẹ́ẹ̀tì àti iná ojú fóònù bá jọ fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, folítéèjì bátìrì tí ọrùn rẹ̀ ti dí, ìyẹn ipá tó fi ń ti iná jáde, á já wálẹ̀ kọjá ohun tí bọ́ọ̀dù, pátákó iṣẹ́ inú fóònù, lè gbà, fóònù á pa ara rẹ̀. Tí ẹ bá wá ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀, folítéèjì á gòkè padà, 38% á yọjú. Fóònù tó ń kú ní 40 tó ń jí ní 38, ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ohun yòówù kí Battery Health máa wí.

Ló bá di ká ṣí i. Síkúrúù méjì tó wà lẹ́bàá ojú ihò ṣájà ni mo kọ́kọ́ tú, mo fi ooru sí etí rẹ̀, mo lẹ ife rọ́bà mọ́ ojú rẹ̀, mo fà. Ojú iPhone tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí máa ń bá èèyàn jà, torí gọ́ọ̀mù tó yí etí rẹ̀ ká ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Eléyìí ṣí wẹ́rẹ́ bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Gọ́ọ̀mù kankan kò sí níbẹ̀. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé mi ò kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ka èyí: láti apá òsì ni 8 Plus ti ń ṣí, bí ẹni ṣí ìwé, torí apá ọ̀tún ni àwọn okùn ojú fóònù wà. Ẹni tó bá fi agbára ṣí i láti ọ̀tún, tó sì já okùn bọ́tìnì ìsàlẹ̀, ti pa ìka-títẹ̀ nìyẹn. Bọ́tìnì òun bọ́ọ̀dù ti jọ mulẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Bọ́tìnì fóònù míràn kò lè bá a ṣí i pẹ̀lú ìka.

Nínú lọ́hùn-ún, síkúrúù kan kò sí lórí irin tó bo ẹnu bátìrì. Òmíràn gùn ju ihò rẹ̀ lọ. Bó bá wọlé díẹ̀ sí i ni, ì bá gún bọ́ọ̀dù náà ní ìgúnkúgùn. Bátìrì fúnra rẹ̀ ti wú níkùn bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú. Okùn gọ́ọ̀mù tí ilé-iṣẹ́ ń fi dì í, èyí tí à ń fà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ti gbẹ gan-an.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé garawa iyanrìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Irin kì í wọ abẹ́ bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà tí wọ́n ká jọ bí ẹní ló wà nínú bátìrì, èyí tó ní agbára òdì àti èyí tó ní agbára rere, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan là wọ́n láàárín. Bí abẹ bá gún awọ yẹn, wọ́n á kan ara wọn, iná á sọ. Gbogbo ayé ló rí i ní 2016 nígbà tí Samsung ní láti kó Galaxy Note 7 padà lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á, nítorí bátìrì tó ń gbiná; nínú bátìrì fúnra rẹ̀ ni àbùkù wà, kò sẹ́ni tó fi abẹ gún un. Mo kán sípírítì ìfọbọ́ọ̀dù sí etí gọ́ọ̀mù náà, mo dúró kó rọ̀. Mo mú òwú ìránṣọ tó nípọn, mo fi gún un wọ abẹ́ bátìrì láti òkè, mo ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni fi òwú gé fùfú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú kí ó tó dá yọ. Mo gbé e sínú iyanrìn, ara mi sì wálẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ 100% yẹn ti hàn kedere báyìí. Lára okùn bátìrì ni ṣíìpù kékeré kan wà tó ń sọ fún fóònù iye agbára tó kù. Ohun tí ṣíìpù bá wí ni Settings ń kọ. Láti orí iPhone XS àti XR ti 2018 ni fóònù ti ń béèrè pé ọmọ ta ni bátìrì yìí, tó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín bí kò bá dá a mọ̀. 8 Plus kì í béèrè. Ẹnì kan ti fi bátìrì olówó pọ́ọ́kú kan sínú fóònù yìí kó tó dé ọwọ́ ìyá yìí, ṣíìpù rẹ̀ sì ti kọ́ láti máa dáhùn 100 ní gbogbo ìgbà.

Ohun kan ń dùn mí níbi tí a dé yìí: n kò wọn bátìrì náà kí n tó yọ ọ́. Ó ti wú, kò sì yẹ kí n tún ṣáájì rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ló lò lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń bá sọ́fítíwìà ṣeré.

Bátìrì kejì, ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan láàárín ìlú níbí ni mo ti rà á, ẹni tí gbogbo wa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ 3500 mAh gàdàgbà sára rẹ̀; mAh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì ń gbà. Ti ilé-iṣẹ́ fún 8 Plus, 2691 ni. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ fọ́nnu fún màmá pé èyí tí mo fi sí i yìí tóbi ju èyí tó bá a wá láyé lọ. Ó san owó rẹ̀ pé, ó sì fún ọmọ iṣẹ́ mi ní owó omi.

Ní ọjọ́ kẹta, n kò tíì ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí mo fi rí i. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ìró rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó gbé fóònù síwájú ara rẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà lè rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Àwọn òṣómàáló, àwọn aláṣọ wa láyé ìjọsí tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, báyìí ni wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gbowó mi. Bàbá ìyá yìí ṣe òṣómàáló títí ó fi darúgbó. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

"Ọmọ mi, n kò wá jà. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó ti di 20. Ìbéèrè kan ni mo ní. Èyí tó o ní ó tóbi yìí, ṣé o wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Màmá, wọ́n kọ ọ́ sí i lára."

"Wọ́n ń kọ ọ̀pá mẹ́fà sára àńkárá náà. Mo máa ń tú u, kí n wọ̀n ọ́n kí n tó tà á. Nígbà míràn, márùn-ún àti ààbọ̀ ni."

N kò ní èsì. Mo ti ń tà bátìrì láti ọjọ́ pípẹ́, mítà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo máa ń fi yẹ ṣájà wò, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí kí n fi wọn bátìrì tí mo fẹ́ tà fún ènìyàn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi fóònù náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo yá a ní fóònù kékeré kan fún alẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo lò ó títí ó fi kú, mo sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ láti inú mítà USB. Ìṣòro kan wà pẹ̀lú iPhone níbi wíwọ̀n: bí ẹ bá pa á, ṣájà á tún tan án. Kí n lè dín ohun tó ń jẹ kù, mo fi í sí Airplane Mode, tó ń pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, mo da ojú rẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ wa ló sì máa ń ṣi mítà yìí kà. mAh tó ń hàn lójú rẹ̀, ti folítì 5 tó ń ti ṣájà bọ̀ ni. Kì í ṣe ti bátìrì. Wh, ìyẹn àpapọ̀ agbára iná tó wọlé, ni kí ẹ kà. Bátìrì 8 Plus láti ilé-iṣẹ́, 2691 mAh ní folítì 3.82, ìyẹn 10.28 Wh. Nítorí díẹ̀ máa ń ṣòfò sínú ooru, nǹkan bíi 12 ló yẹ kó wọlé láti òfo dé kíkún. Èyí tó pe ara rẹ̀ ní 3500, ó yẹ kó gbà ju 15 lọ.

Ó gba 7.4, ó ní òun ti yó.

N kò kọ́kọ́ gba mítà gbọ́. Mo tún un ṣe lálẹ́, pẹ̀lú ṣájà míràn: 7.3. Mo wá ní kí n fi nǹkan míràn ti ẹ̀rí náà lẹ́yìn. Iléṣà la wà, ìlú tí wọ́n ń wa góòlù yí i ká. Sìkéèlì kékeré kì í wọ́n wa. Mo lọ yá ti alágbẹ̀dẹ góòlù tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Mo ní 8 Plus kan tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná, tí bátìrì ilé-iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bátìrì kì í fúyẹ́ nítorí pé ó gbó. Ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mo lo fóònù màmá títí iná rẹ̀ fi wálẹ̀ kọjá 25% kí n tó ṣí i, torí bátìrì tó kún máa ń bínú ju èyí tó ṣófo lọ bí ọwọ́ bá ṣèèṣì. Mo gbé àwọn méjèèjì lé sìkéèlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní òun gba 3500 fúyẹ́ ju èyí tó ní òun gba 2691 lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé e lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá sìkéèlì ló bàjẹ́. Alágbẹ̀dẹ góòlù bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó fúyẹ́ nítorí pé nǹkan tó ń gbé iná dúró kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí ìyẹn. Nínú àyè kan náà tí bátìrì 8 Plus ń dúró sí, ẹni tó bá ní òun fi agbára kún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó yẹ kó ṣàlàyé ibi tó kó o sí.

Ẹ̀kẹta, mo ránṣẹ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà, sí ẹnì kan tó ń kọ 2691 sára ọjà rẹ̀ tí kì í fi kún un. Ó wọ́n ju èkejì lọ dáadáa. Páàkì ni ó gbà dé, ní ọjọ́ kejì. Mo gbé e lé sìkéèlì kí n tó ṣe ohunkóhun: ó bá ti ilé-iṣẹ́ dọ́gba, àyàfi ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Mo fi í sí i, pẹ̀lú okùn gọ́ọ̀mù tuntun lábẹ́ rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù tuntun yí etí ojú fóònù ká. Mo sọ fún màmá pé kò gbọdọ̀ fi fóònù náà súnmọ́ omi mọ́. Gọ́ọ̀mù tí èmi lẹ̀ kò lè dà bí ti ilé-iṣẹ́. Mo wọ̀n ọ́n láti òfo: 11.8 Wh. Mo fi nọ́ńbà náà hàn án lójú mítà. Ó kà á sókè bí ẹni ka ọ̀pá aṣọ. Kò san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kẹta, mo sì dá owó sọ́fítíwìà ọjọ́sí padà.

Mo rò pé ó ti parí.

Ọjọ́ kẹrin, ọmọ ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú fóònù náà. Màmá ní kí ó sọ fún mi pé lọ́jà kò sí wàhálà, ó ń dé ìrọ̀lẹ́. Ilé ló ti di ọ̀rọ̀ míràn: ó kún fọ́fọ́ nígbà tí òun fẹ́ sùn, nígbà tí òun jí, 61 ló bá. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà ní bọ́ọ̀dù ń jo, kí n pààrọ̀ ṣíìpù ṣáájì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àmọ́ ìbéèrè màmá ṣì wà létí mi.

Mo yọ ẹnu bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù, mo fi ẹ̀rọ power supply bọ́ iná fún un ní folítì 4, láì tẹ bọ́tìnì. Bọ́ọ̀dù tó ń jo á máa fa iná nígbà tí ó wà ní pípa. Ojú ẹ̀rọ dúró sí 0.000. Mo tan án, mo fi í sí Airplane Mode, mo jẹ́ kó sùn: iná tó ń fà kò tó nǹkan. Bọ́ọ̀dù kò jo. Tí mo bá ti pààrọ̀ ṣíìpù yẹn, ǹ bá ti fi ooru ba bọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ yá jẹ́, owó ìyá yìí á sì tún ti jáde.

Nígbà náà ni mo tó wo ibi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wò: àtòkọ ohun tó ń jẹ bátìrì nínú Settings. Kì í ṣe WhatsApp ló wà lókè. Ohun tó wà lókè, ní wákàtí òru, ni No Cell Coverage. Fóònù náà ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Mo tẹ̀ lé ọmọ náà dé ilé wọn ní Ìsọ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, ògiri rẹ̀ fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ mi, pánù lórí rẹ̀, yàrá màmá sì wà ní inú pátápátá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: ọ̀pá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kò sí. Fóònù tí kò rí òpó ìbánisọ̀rọ̀ dáadáa kì í sùn. Á gbé ohùn rẹ̀ sókè kí òpó lè gbọ́ ọ, á máa wá òpó míràn, á rí i, á tún sọ ọ́ nù, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo ohùn gíga yẹn, bátìrì ló ń san án. Ní ọjà, tí òpó wà nítòsí, kò nílò igbe.

Mo ní kó máa tan Airplane Mode bó bá fẹ́ sùn. Ó kọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, aago méjì òru ló máa ń pè nígbà míràn, kò sì sí ìyá tó máa fi ìlẹ̀kùn ti ọmọ rẹ̀ síta. Ó tọ́. A jọ gbé fóònù kiri ilé bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí rédíò bàbá ilé wà tẹ́lẹ̀, ọ̀pá mẹ́ta yọ. Ibẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ náà, wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ sókè kó lè gbọ́ ọ láti yàrá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, 92%.

Ohun tí mo ti yí padà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò yẹ̀ ẹ́. Kí n tó dá owó lé bátìrì, mo máa ń béèrè ìgbà tí fóònù ń kú àti ibi tó wà nígbà tó ń kú: ọjà ni àbí ilé, ojú kámẹ́rà ni àbí ó kàn wà lápò. Bí mo bá ti gbọ́ "ó ń kú, ó sì ń jí", mo ti mọ ibi tí mò ń lọ. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kò tíì wú, mo ń wọ̀n ọ́n lórí mítà kí n tó ṣí i, torí lẹ́yìn náà kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi hàn ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ mi ṣe nǹkan kan. Battery Health, mo ń wò ó bí mo ṣe ń wo àmì tó wà lára aṣọ. Mo ra sìkéèlì tèmi. Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì tí mo ń kọ Wh tó wọlé sí, ṣáájú àti lẹ́yìn, oníbàárà á sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di dókítà. Wíwọ̀n ń gba wákàtí mẹ́ta nígbà míràn, tí NEPA bá sì mú iná lọ láàárín rẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. N kò ní sọ pé kì í ni mí lára.

Bátìrì tó wú yẹn ṣì wà nínú agolo mílíìkì tó kún fún iyanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. N kò lè dà á sórí ààtàn níbi tí wọ́n ti ń dáná sun pàǹtírí, n kò sì fẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń ṣa irin kiri, torí òkúta ni wọ́n fi ń fọ́ nǹkan.

Èkejì, mo gbé e padà lọ bá oníṣòwò tó tà á fún mi. Ó ní kò sí ẹni tó gbé irú rẹ̀ padà rí. Mo gbé méjèèjì lé sìkéèlì níwájú rẹ̀, tiẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wọ inú, ó gbé òmíràn jáde láti inú páálí, ó gbé e lé e. Ó tún gbé òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ó dá owó mi padà láì wò mí lójú, ó sì béèrè ibi tí mo ti ra sìkéèlì.